Ariwo Tó Wà Nínú Sítíárìn Bàbá Mi

  Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú kọ nǹkan kan nípa ìsinmi rẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan máa kọ nípa Jabi Lake, àwọn kan á kọ nípa ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi ò lọ síbi kankan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ilé wa ní Kubwa ni mo wà, tí mo dorí kodò sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ariwo kan ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ kan tí mo fi sínú tí kò yẹ kí n fi sínú.

Toyota Camry ni ọkọ̀ bàbá mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti ọdún 2004. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á. Òun ló ń gbé Dádì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, òun ló ń gbé Mọ́mì lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé àpótí, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti gààrí mi wá sí ilé ìwé yìí. Ẹ ti rí i ní géètì rí, ó dúdú, bọ́ńpà iwájú rẹ̀ ti há díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wá mú mi lọ sílé ní oṣù Keje ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo yẹn. Bí Dádì ṣe yí sítíárìn kí a lè jáde, ọkọ̀ náà ké: hùùùùn. Ó dà bíi màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n yí i sí apá kejì, ó tún ké. Nígbà tí a dé títì ńlá tí sítíárìn dúró gún, ó dákẹ́.

Mo ní, "Dádì, kí ló ń ké yẹn?"

Wọ́n ní, "Ó ti tó bí oṣù méjì. Ó ti mọ́ wa lára."

Mọ́mì dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́, "Ẹ̀yin ló mọ́ lára o. Kò mọ́ èmi lára."

Ká ní inú Kubwa nìkan la ń lò ó ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi ń bẹ ní Kàbbà, nǹkan funfun kan sì ti bo ẹyin ojú wọn méjèèjì. Wọn ò mọ ẹni tó ń bọ̀ mọ́ àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà ní Àbújá ti fún wa ní ọjọ́, ní àárín oṣù Kẹjọ. Dádì ló máa lọ gbé wọn wá. Owó iṣẹ́ abẹ náà, ₦250,000, ti wà nínú àpòòwé lábẹ́ àwọn ìró Mọ́mì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kó o jọ láti oṣù Kìíní.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbé sítíárìn oníyèméjì gbà. Ẹ máa kọjá Gwagwalada àti Abaji, ẹ máa gba orí afárá Jamata kọjá odò Ọya, ẹ máa wọ Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn náà ẹ ó kọjú sí Ọbájánà níbi tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà. Mọ́mì ní àwọn ò ní í jẹ́ kí Màmá Àgbà jókòó sínú ọkọ̀ tó ń sunkún. Dádì bá pe mẹkáníìkì kan tí ẹnì kan júwe fún wọn.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó jókòó sídìí sítíárìn, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. Ó ní ráàkì ti kú, pọ́ǹpù náà sì ti fẹ́ kú. Tòkunbọ̀ méjèèjì pẹ̀lú owó iṣẹ́, ₦230,000. Ó ní òun lè bá wa wá a ní Apo Mechanic Village tó bá di ọjọ́ Ajé.

Dádì wo Mọ́mì. Mọ́mì wo ilẹ̀. Èmi náà mọ ibi tí owó yẹn ti máa jáde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ilé kejì sí tiwa, bàbá kan ń gbé níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti wa ọkọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, wọ́n wà lára àwọn tó bá ọ̀gá wọn kó wá. Wọ́n máa ń sọ pé Peugeot 504 tí àwọn ń wà nígbà yẹn kò ní páwà nínú sítíárìn, pé apá ènìyàn ni páwà rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ohun tí mẹkáníìkì sọ, wọ́n wọlé wá pẹ̀lú bàtà sílípásì wọn.

Wọ́n ní, "Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe?"

Dádì ní, "Bàbá, wọ́n ní ráàkì ni."

"Mi ò bi yín ní orúkọ nǹkan tí ẹ fẹ́ rà. Mo ní àyẹ̀wò wo lẹ ṣe? Ìgbà wo ló máa ń ké? Ibo ló ti ń ké? Báwo ló ṣe ń ké?"

Dádì ní, "Ó kàn ń pariwo ni, sà."

"Kí ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní ariwo. Ẹ fẹnu ké e fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n la ẹnu, wọ́n ké hùùùùn. Mọ́mì sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Dírẹ́bà ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ti sọ nǹkan fún mi báyìí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n sì ń ka oríṣiríṣi ohùn fún wa bí ẹni ń ka ìwé. Mo sáré mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé mi. Ó wúlò fún gbogbo ẹni tí òbí rẹ̀ bá ní ọkọ̀, nítorí náà mo dà á kọ síbí:

Hùùùn: bó bá ń kùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn, tó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń yí i lọ dé òpin, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó lè ti dín, ó lè ti gbó, atẹ́gùn lè ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe irú tó yẹ ló wà níbẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé pọ́ǹpù ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì la kọ́kọ́ ń wò.

Fíììì: bó bá han bí ẹni fun fèrè, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì. Ó lè ti dẹ̀ tàbí kó ti máa dán.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́: bí ọkọ̀ bá ń rìn tí ẹ sì ń yà wọ kọ́nà, tó ń dún bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ táyà, orí ṣáàfù ni. Kò kan sítíárìn.

Gbọ́-gbọ́: bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bọ́ sínú kòtò ló ń dún, ẹ wo línkéèjì, búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti orí ọ̀pá tó ń fa táyà.

Kẹẹẹẹ́ẹ̀: bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ ń yí sítíárìn, tí nǹkan sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo lókè ṣọ́ọ̀kì, máńtìn orí ṣọ́ọ̀kì ni.

Sììì: èyí tó rọra ń dún nígbà tí sítíárìn bá ti dé òpin pátápátá kì í ṣe àrùn. Ọ́ìlì ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ dá a padà díẹ̀, á dákẹ́.

Mo ń kọ ọ́, mo ń ronú nípa ẹgbẹ́ wa yìí. A máa ń sọ pé èdè wa dùn fún oríkì àti fún òwe. Bàbá Dírẹ́bà fi hàn mí pé ó dára fún ọkọ̀ náà. Hùùùn yàtọ̀ sí fíììì, gbọ́ yàtọ̀ sí kẹ́, iye owó tí a máa ná sí wọn sì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Dádì fún mẹkáníìkì ni "noise," òun náà sì fún Dádì ní èsì kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí Dádì pa ẹ́ńjìnnì, kí èmi tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì sítíárìn ń gbé. Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ́ìlì náà ti lọ sílẹ̀ ju ìlà ìsàlẹ̀ lọ, ó dúdú, ó sì ń hó bí ọṣẹ. Wọ́n fi ìka méjì pa á pọ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó hó, ìyẹn ni pé atẹ́gùn ń wọlé. Ó sì nípọn jù. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló yẹ kí èyí rí. Ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀. Ta ni?"

Ojú mi dá. Ọwọ́ tí mo fi mú tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì fi ọwọ́ kejì tì í kí wọ́n má baà rí i.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, Dádì ní kí n bu omi sínú ike tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú. Mo bu omi náà. Ojú mi wá bọ́ sí ike kejì, mo rí i pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ti ń tán. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan wà ní fàráńdà, ìyókù èyí tí wọ́n fi ṣe sáfíìsì. Mo ní epo ni epo, mo dà á sí i títí ó fi kún. Inú mi dùn. Mo fẹ́ sọ fún Dádì kí wọ́n lè yìn mí, ṣùgbọ́n àlejò dé, mo gbàgbé. Ọjọ́ kẹta, mo padà sí ilé ìwé. Wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìdérí ike yẹn gàdàgbà, ATF DEXRON. Mi ò kà á.

Kí n tó la ẹnu, Dádì ti dáhùn. Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin tó ṣe sáfíìsì lóṣù Kẹrin ni. Òun nìkan ló fọwọ́ kan ibẹ̀."

Wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀, lójú gbogbo wa. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan ni, ó ti ń tún ọkọ̀ wa ṣe láti ọdún méjì, kò sì ṣẹ̀ wá rí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò débi sítíárìn." Dádì ní kó má parọ́ fún àwọn. Wọ́n ní kó má dé ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́. Wọ́n pa fóònù.

Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Mi ò sọ ọ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọlé.

Lóru ọjọ́ yẹn, kò síná, ẹ̀fọn ń kọrin, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni wọn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ń sọ fún ara mi pé Dádì ti bínú tán, pé ọmọ yẹn á rí iṣẹ́ mìíràn, pé kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo tún pa ẹnu mọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ni mo gbọ́ tí Dádì ń sọ fún Mọ́mì pé tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù Kẹrin, a jẹ́ pé ráàkì ti bàjẹ́ lóòótọ́ nìyẹn, pé ó dà bíi pé àwọn á yọ owó yẹn, kí àwọn wá ọjọ́ mìíràn fún ojú Màmá. Mọ́mì ò dáhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Mi ò mọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe gbé mi dé yàrá wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dádì, èmi ni. Ọmọ yẹn kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dà á, kò sì ju bí ife kan lọ. Mo rò pé mo ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Wọn ò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ni mo bú lánàá?"

Mo dárúkọ rẹ̀.

"Gbé fóònù mi wá."

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Dádì pè é, wọ́n gbé e sí ohùn òkè kí n lè gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ilé mi ni ẹ̀bi náà ti wá, mo sì dì í lé yín lórí." Wọ́n ń pe ọmọ tí kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní "ẹ." Ọmọ náà ní, "Háà, Dádì, kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tán." Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí wọn rí. Ó dùn mí ju ẹgba lọ, nítorí gbèsè mi ni wọ́n ń san.

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ lo da ìdọ̀tí sí i. Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Dádì gba ààyè níbi iṣẹ́. Bàbá Dírẹ́bà dé pẹ̀lú jáàkì ńlá àti irin ìdúró méjì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ṣe, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ó dáa tí o sọ ọ́. A mọ̀ báyìí pé ife kan ni, kì í ṣe gálọ́ọ̀nù. Kò tíì pa ráàkì." Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé òótọ́ tí mo fi pamọ́ wà lára àyẹ̀wò. Bí aláìsàn ò bá sọ ohun tó jẹ fún dókítà, oògùn wo ni dókítà fẹ́ fún un?

Báyìí la ṣe é. Ẹ́ńjìnnì ti tutù. A gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, a fa ọwọ́ bírékì, a fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. A fi jáàkì gbé iwájú sókè, a gbé e ka irin ìdúró. Bàbá Dírẹ́bà ní kí n tún un sọ tẹ̀lé àwọn lẹ́ẹ̀mẹta: ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, torí ọ́ìlì tí mo dà ò lè mú nǹkan hó bẹ́ẹ̀, kò sì lè mú ọ́ìlì lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ń fi agbára ti ọ́ìlì lọ sínú ráàkì, ọ́ìlì yẹn ló ń bá ọwọ́ awakọ̀ ti táyà. Ọ́ìlì kì í súnkì bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn máa ń súnkì. Tí atẹ́gùn bá bá ọ́ìlì wọ pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ lásán, ohun tó fi ń ké nìyẹn.

A tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ ike. Rọ́bà kan ti ibẹ̀ lọ sínú pọ́ǹpù. Ẹnu rọ́bà náà tutù, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Kílíìpù tó dì í mú ti dẹ̀, rọ́bà náà sì ti là lẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá dúró, ọ́ìlì á máa jò díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ike fi ń tán nígbà Àjíǹde. Ọkọ̀ náà ti ń sọ fún wa láti ìgbà yẹn, èmi ni mo fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dí i lẹ́nu.

Ọwọ́ Dádì ò wọ ibẹ̀. Ti Bàbá Dírẹ́bà ò wọ̀ ọ́. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo fi púláyà yọ kílíìpù, mo fa rọ́bà jáde, ọ́ìlì dúdú dà sí mi lápá títí dé ìgúnpá. Bàbá Dírẹ́bà gé ibi tó là kúrò, kò gùn ju ìka kékeré mi lọ, mo sì dá a padà pẹ̀lú kílíìpù tuntun tí a fi sikurudiráfà mú le.

Ó wá ku fífọ̀. A fi síríǹjì ńlá fa ọ́ìlì tó wà nínú ike. A yọ rọ́bà kejì, èyí tó ń dá ọ́ìlì padà láti ráàkì, a dí ojú ibi tó ti jáde lára ike, a sì ki ẹnu rọ́bà náà bọ inú ike omi tó ṣófo. Mo ń da ọ́ìlì tuntun sí i, Dádì sì ń yí sítíárìn láti òpin kan dé òpin kejì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa. Ọ́ìlì dúdú ń jáde wá. Iṣẹ́ mi ni pé ike ò gbọ́dọ̀ gbẹ, torí tó bá gbẹ, atẹ́gùn tún wọlé nìyẹn. A lo lítà méjì àti ààbọ̀ kí èyí tó ń jáde tó pupa bíi sóbò.

A dá rọ́bà padà. Dádì tún yí sítíárìn lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà ogún láìtan ẹ́ńjìnnì, kí atẹ́gùn tó kù lè jáde. Mo ń wo bí ó ṣe ń rú sókè nínú ike bí omi tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn náà a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣáná sí i. Bàbá Dírẹ́bà ní, "Ẹ rọra yí i. Tó bá dé òpin, ẹ má dì í mú níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, ẹ ò ní í jó pọ́ǹpù."

Dádì yí i sí òsì. Ó kùn díẹ̀, hùn. Ọkàn mi já. Wọ́n yí i sí ọ̀tún, ó kùn, ó dákẹ́. Òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dákẹ́. A pa ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó sinmi, a tún un ṣe. Nígbà kẹta, ohun tí mo ń gbọ́ kò ju ẹ́ńjìnnì àti adìyẹ alágbàálé wa lọ.

A da ọ́ìlì àtijọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, a gbé e fún àwọn mẹkáníìkì tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Bàbá Dírẹ́bà ò jẹ́ kí a dà á sí gọ́tà.

Nígbà tí Dádì gbé ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ohùn mìíràn ló kù: gbọ́-gbọ́, nígbà tí a bá bọ́ sínú kòtò. Hùùùn ló ti bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, mo kà á: línkéèjì, búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, orí ọ̀pá. Bàbá Dírẹ́bà ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùnlé, pé ohun tó bá di pé a ń tú ẹsẹ̀ táyà, kí a gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Dádì pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó wá. Ó fi ọwọ́ mi táyà lápá òsì àti ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀, ó fi irin wọ́ línkéèjì, ó ní òun nìkan ló ti jẹ. Ó pààrọ̀ méjèèjì, ó fún àwọn nọ́ọ̀tì mìíràn le. Mo gbé omi tútù fún un, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo da omi sínú gíà ọ̀gá mi."

Ọ́ìlì, kílíìpù, línkéèjì àti owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ò tó ₦40,000. Owó oṣù Dádì ló gbé e. Àpòòwé abẹ́ ìró ò mì.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Dádì gbé mi dání lọ sí Kàbbà. Láti Kubwa dé Lọ́kọ́ja, mo ń dẹ etí sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá Àgbà jókòó síwájú. Ojú wọn ò ríran, nítorí náà etí ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà. Nígbà tí a dé orí afárá Jamata, wọ́n ní, "A ti dé orí omi, àbí? Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ táyà." Wọ́n ní ọkọ̀ ọmọ àwọn dákẹ́ rọ́rọ́. Dádì wò mí nínú dígí, wọn ò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni ìdí tí ọ̀dọ́bìnrin fi ní èérí ọ́ìlì lábẹ́ èékánná.

Nígbà tí a wọlé padà, mo lọ wo ọ̀rọ̀ páwà yìí ní láìbìrì. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Francis Davis ló ṣe é sára ọkọ̀ Pierce-Arrow kan ní 1926. Ọdún 1951 ni Chrysler kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà lára ọkọ̀ Imperial. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé púpọ̀ kò lo ọ́ìlì mọ́, mọ́tò iná ló ń ran sítíárìn wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wá ibi tó máa da ọ́ìlì sí nínú ọkọ̀ òbí rẹ̀, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó nílò rẹ̀. Kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò pé ọjọ́ méjì, mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu, mo kàn dákẹ́ ni. Síbẹ̀, ó ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ti fẹ́ gba ojú lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìgbà tí ọkọ̀ ń ké, gbogbo wa la bínú sí i. Èmi tí mo dákẹ́, kò sẹ́ni tó bínú sí mi, bẹ́ẹ̀ èmi ni wọn ì bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

 Bí ọkọ̀ bàbá yín bá ń ké, ẹ wá bá mi ní Ilé Kẹta lẹ́yìn prep. Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹnu ké e dáadáa kí ẹ tó wá o.